Àkàsọ̀ Ṣẹ̀fíátù

Ọdún tó ṣáájú èyí tí ìjọba sọ ilé ìwé di ọ̀fẹ́ ni ìyàwó mi, Ṣẹ̀fíátù, jábọ́ láti orí àkàsọ̀ ọparun. Èlùbọ́ ló ń tà, orí àjà ló sì ń kó o pamọ́ sí, nítorí èéfín ibẹ̀ kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Àkàsọ̀ yọ̀ lórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, òun àti agbọ̀n èlùbọ́ sì jọ wálẹ̀. Nígbà tí mo sáré dé láti ìsọ̀, ó jókòó sílẹ̀, èlùbọ́ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọkọ mi, omi gbígbóná ló kù kí ẹ dà lé mi lórí, kí ẹ máa ro mí bí àmàlà."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, oyún inú rẹ̀ ti wálẹ̀.

Mo dáná sun àkàsọ̀ náà lẹ́yìnkùlé. Adéyẹmọ tó so ó fún bàbá mi ṣì wà láyé nígbà náà. Mi ò dáhùn kíkí rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi sin ín. Bí mo ṣe rí nìyẹn, mi ò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tíṣà kan nà mí ní kíláàsì nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn sọ. Mo gbé síléètì mi kalẹ̀ síwájú rẹ̀, mo jáde, mi ò sì padà sí ilé ìwé mọ́. Bàbá mi nà mí títí ó fi sú u, ló bá fà mí fún káfíńtà kan pé kí n lọ kọ́ṣẹ́.

Mo sọ fún Ṣẹ̀fíátù pé kò gbọdọ̀ gun ohunkóhun mọ́. Àbúrò mi, Fàtáì, ló wá ń bá a gun àjà. Aránṣọ ni Fàtáì, iwájú ilé wa náà ló gbé máṣíìnì rẹ̀ sí. Ó ga, ó tín-ín-rín. Bó bá ti fẹsẹ̀ lé etí ògiri báyìí, ó ti dókè. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Ṣẹ̀fíátù ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe àwọn ọmọ ilé ọkọ lórúkọ.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ dákun, ẹ bá mi gbé agbọ̀n kan wálẹ̀."

"Ìyàwó, òwò yìí ti di ti àwa méjèèjì o. Ìdajì ni tèmi."

"Ìdajì wo? Ẹ lọ máa rán ṣòkòtò yín tí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ."

"Ẹni tó ni ṣòkòtò náà ló tiro!"

Wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí títí agbọ̀n á fi wálẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ Ṣẹ̀fíátù nínú. Nígbà tí Fàtáì bá lọ sí Kuta tàbí Ilé-Ogbó, oníbàárà á dé, á padà lọ́wọ́ òfo. Lọ́jọ́ kan, ó dúró sí abẹ́ àjà, ó gbójú sókè, ó ní, "Oníṣòwò tí kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ kan ọjà rẹ̀, ṣé oníṣòwò nìyẹn?" Kò bá mi sọ ọ́. Ògiri ló ń bá sọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára jù.

Mo ní, "Màá kan àkàsọ̀ fún ọ. Kò ní yọ̀ lábẹ́ rẹ."

Ó wò mí. "Ẹ sọ pé kò ní yọ̀?"

"Mo sọ ọ́."

"Ó dáa. Èmi ni màá kọ́kọ́ gùn ún o. Kò gbọdọ̀ jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Iṣẹ́ náà kò rọrùn bí ẹnu ṣe sọ ọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa tóóró. Bí o bá gbé àkàsọ̀ onígi gidi síbẹ̀, èèyàn méjì kò lè kọjá lára wọn mọ́. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ṣeé ká, kí a lè fi í ti ara ògiri bí ẹní. Ó tún gbọ́dọ̀ ṣeé nà tán kó lè dé àjà, kó sì ṣeé là sí méjì kó dá dúró láàárín ilé bí ewúrẹ́, nígbà tí kò bá sí ògiri tí yóò fara tì.

Mo fi igi àfàrà ṣe àkàsọ̀ kúkúrú méjì, nítorí àfàrà fúyẹ́. Mo fi ìdè ilẹ̀kùn so wọ́n pọ̀ lórí. Ṣẹ̀fíátù gun ìtẹ̀sẹ̀ kejì, ó sì di orí mi mú.

"Ó ń jó," ó ní.

"Kò jó."

"Ọkọ mi, ta ló wà lórí rẹ̀ nínú àwa méjèèjì?"

Mo bínú. Mo tú u palẹ̀, mi ò sì fọwọ́ kàn án títí ó fi ń dùn mí lọ́kàn pé igi lè ṣẹ́gun mi. Nígbà tí mo tún un kàn, ó tún jó. Ṣẹ̀fíátù ló wá sọ fún mi, níbi tó ti ń gúnyán. Ó dúró, ó gbé ọmọ odó sókè, ó ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ mi. Ṣé mo pa wọ́n pọ̀ ni? Ẹni tó bá pa ẹsẹ̀ pọ̀ gúnyán, inú odó ló máa já sí. Kí ló dé tí ẹ pa ẹsẹ̀ àkàsọ̀ yín pọ̀?"

Mi ò sọ fún un pé òótọ́ ló sọ. Mo lọ sí ìsọ̀, mo fẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, mo jẹ́ kó máa fún bó ṣe ń lọ sókè. Mo gé táyà ọkọ̀ tó ti gbó, mo kàn án mọ́ abẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó lè máa di ilẹ̀ mú. Mo fá ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ, kó má baà máa dun àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tó tún gùn ún, ó mi ara rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó mi ara rẹ̀ sósì.

"Ìsàlẹ̀ kò jó mọ́. Oríkèé ló kù."

Ìdè ilẹ̀kùn kò lágbára tó. Ìgbà gbogbo ló máa ń tú. Mo gba Kuta lọ bá ọ̀rẹ́ mi, Ògúnkúnlé alágbẹ̀dẹ. Ó rọ irin pẹlẹbẹ méjì méjì fún mi, ó fi ìṣó ńlá kan gún wọn pọ̀, wọ́n wá ń ká, wọ́n ń nà bí ìgbọ̀nwọ́ èèyàn. A lu ihò sí i lára. Ibi tí o bá fẹ́ kí àkàsọ̀ dúró sí, ìbáà jẹ́ nínà tàbí lílà, wàá ti ìdábùú irin kékeré kan bọ ihò rẹ̀, oríkèé á sì le gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń dún kíkan bí ilẹ̀kùn ilé àwọn tí kì í fi nǹkan pa á. Mo ki awọ màlúù sáàárín irin méjèèjì, mo fi òrí pa á. Láti ìgbà náà, bí o bá fi ìka kan tì í, á ká wálẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ṣẹ̀fíátù fẹ́ràn àtimáa ká a. Á nà án, á ká a, á tún nà án. "Ẹ gbọ́," á ní. "Kò dún."

Àwọn aládùúgbò ń wá wò ó. Ọ̀gá kan tó ń ra kòkó ní òun fẹ́ irú rẹ̀ fún ilé ìkẹ́rù òun. Mo ní kó dúró, ti ìyàwó mi kò tíì parí.

Ohun tó kù kò ju ìdábùú kan lọ. Ti ọwọ́ òsì wọlé dáadáa, ti ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, nítorí ihò rẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Nígbà náà Ṣẹ̀fíátù ti tún lóyún, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ sì ti sún mọ́lé. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gùn ún bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá, ó di ìgbà tí ìdábùú méjèèjì bá wọlé.

"Ẹ yáa tètè lọ nígbà náà. Bí ọmọ yìí bá ṣíwájú ìdábùú dé, ẹ̀yin lẹ máa pọ̀n ọ́n kí n lè gun àjà."

Fàtáì gbọ́ láti ìdí máṣíìnì, ó ní, "Màá rán ọ̀já fún wọn!"

A rẹ́rìn-ín, mo sì lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀já yẹn ni mo gbọ́ kẹ́yìn tí inú mi fi dùn sí ohùn àbúrò mi.

Nígbà tí mo dé Kuta, ilé àgbẹ̀dẹ dákẹ́. Ògúnkúnlé jókòó síta, ó wọ aṣọ tó mọ́.

Ó ní, "Mùrí, òní lọ̀sẹ̀ Ògún. Bàbá mi kò na irin lọ́jọ́ yìí, bàbá bàbá mi kò nà án."

"Ìdábùú kékeré kan ṣoṣo ni."

"Ògún kò mọ kékeré. Padà sílé, kí o wá lọ́la."

"Mi ò padà sílé lọ́wọ́ òfo. Mo ti ṣèlérí."

"Olórí kunkun! Jókòó nígbà náà. Iṣu wà, ilẹ̀ tí wàá sùn sí náà wà."

Ilẹ̀ mọ́, ó fẹ́ná, ó sì rọ ìdábùú náà. Iṣẹ́ náà dára. Mo dì í mọ́ ọwọ́ nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́, mo gba ọ̀nà oko kí n lè tètè délé.

Àkàsọ̀ mi ni mo kọ́kọ́ rí. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Ìwó, ìlú wa, nígbà tí mo pàdé àwọn ọkùnrin àdúgbò wa, wọ́n ń bọ̀ lọ́wọ́ọ̀wọ́, wọ́n ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, erùpẹ̀ pupa wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ọkọ́ wà léjìká àwọn kan. Àwọn méjì gbé àkàsọ̀ mi lọ́wọ́, wọ́n ti ká a.

Mo pariwo: "Ta ló ní kí ẹ gbé e jáde? Ẹ ò mọ̀ pé kò tíì parí ni?"

Mo rí i pé aṣọ funfun tín-ín-rín kan ṣì wà lára ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n so ó mọ́. Mo ṣì ń bínú nítorí àkàsọ̀ nígbà tí Fàtáì jáde láàárín wọn. Ó ti ṣí fìlà, ó fi fìlà náà wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn.

Ìrọbí mú Ṣẹ̀fíátù lọ́jọ́ tí mo lọ, nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Àwọn ìyá ilé ṣe títí, ọmọ kò wá. Ó kú kí wọ́n tó kírun àfẹ̀mọ́júmọ́, ọmọ sì wà nínú rẹ̀. Àga tí mọ́ṣáláṣí fi ń gbé òkú kò sí nílé. Wọ́n ti fi í gbé òkú kan wọ ọkọ̀ lọ sí Ilé-Ogbó, ọkọ̀ kò sì tíì padà. Ààfáà ní kò dára kí òkú dúró nínú ooru yẹn. Wọ́n rán ẹnìkan pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ kó wá pè mí, títì ló gbà. Fàtáì ló ṣí ìsọ̀ mi. Wọ́n na àkàsọ̀ Ṣẹ̀fíátù, wọ́n tẹ́ ẹní lé e, wọ́n sì fi gbé e lọ.

Mo ní, "Ẹ ò dúró dè mí."

"Wọ́n ní kí a má dúró."

"'Wọ́n' wo? Ìwọ ńkọ́? Ṣé 'Wọ́n' ni orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́ ni?"

Mo ní, "Láti òní lọ, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Wọ́n fẹ́ gbé àkàsọ̀ náà lọ sí mọ́ṣáláṣí, pé ohun tó bá gbé òkú kì í padà wọlé. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì fi í ti ara ògiri níbi tí mo ti ṣètò fún un. Ìdábùú náà, mo fi kọ́ ìṣó kan ní ìsọ̀. Mi ò tì í bọ ihò rẹ̀. Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ rọ ọ́ kò sí mọ́.

Ọ̀gá oníkòkó ránṣẹ́ pé òun kò fẹ́ àkàsọ̀ mọ́. Mi ò bá a jà; ta ni yóò gun àga òkú lọ sókè ilé rẹ̀? Àwọn tí wọ́n fẹ́ ẹ wá jẹ́ irú àwọn tí mi ò retí. Àwọn àgbà méjì kan wá láti Ilé-Ogbó, wọ́n yí àkàsọ̀ náà ká, wọ́n ń mi orí.

Ọ̀kan ní, "A gbọ́ pé léjìká, ṣe ló dúró ṣinṣin."

Èkejì ní, "Ó sì ń ká. Igun kan ní mọ́ṣáláṣí ti tó o. Èyí tiwa yẹn, àwọn ọmọdé ti sọ ọ́ di ibi ìṣeré. Bá wa kan irú rẹ̀, Mùrí. Olúwa á fi àwọn tó lọ sí àlùjáńnà."

Mo ní kí wọ́n jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún ewú orí wọn, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n jáde. Ẹlòmíràn tún wá láti Kuta, mo lé òun náà. Ẹni tó bá sì ti fẹnu kan ọjọ́ náà níwájú mi, àti ẹni tó gbé e, àti ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀, mo máa ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sétí mi mọ́.

Ilé kan náà ni èmi àti Fàtáì ń gbé. Bí ẹran rẹ̀ bá gun pákó mi, ẹran náà ni mo ń bá wí: "Ewúrẹ́, sọ fún olówó rẹ kó so ọ́ mọ́lẹ̀." Òun náà á sọ fún ewúrẹ́ pé, "Bẹ wọ́n, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́." Mi ò rẹ́rìn-ín.

Mo rí i pé kò ránṣọ mọ́. Àwọn èèyàn ní ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́, pé kò lè mú abẹ́rẹ́, kò lè darí aṣọ lábẹ́ máṣíìnì. Ó ta máṣíìnì náà, ó sì bọ́ sóko. Mi ò béèrè ohun tó ṣe é. Mo ní Ọlọ́run kì í sùn. Bí mo bá rí i tó ń fi ọwọ́ òsì dì mọ́ ọkọ́, ara máa ń tù mí.

Ọyẹ́ ti dé lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ìyá Ṣẹ̀fíátù wọlé tọ̀ mí wá. Ràhámọ̀tù ni orúkọ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n jókòó lórí pèpéle ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo òkè.

"Mùrí, àpótí tí mo fi sin ọmọ mi wá ilé yìí ńkọ́?"

"Ó wà lórí àjà, Ìyá. Kò sẹ́ni tó gun ibẹ̀ láti ìgbà náà."

"Mo fẹ́ ẹ. Aṣọ ìkókó tó ń kó jọ wà nínú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ." Wọ́n nawọ́ sí ara ògiri. "Gbé àkàsọ̀ yẹn wá."

"Ìyá, èyí ni wọ́n fi..."

"Mo mọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Èmi ni mo bí ẹni tó gbé. Kí ló máa fi mí ṣe?"

Mo nà án. Ó ti pẹ́, síbẹ̀ kò dún. Mo fi í ti etí àjà. Màmá ká ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n gun ìtẹ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n gun èkejì, wọ́n dúró.

"Ó ń jó, Mùrí."

Ohùn kan náà pẹ̀lú ti ọmọ wọn. Ẹnu mi kò tíì ṣí nígbà tí Fàtáì, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó ń lọ́ okùn, dìde. Kò wo ojú mi. Ó kọjá lára mi, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì ki àtẹ́lẹwọ́ bọ àárín irin oríkèé, níbi tí ihò ìdábùú wà. Kò wá ibẹ̀ kiri. Ọwọ́ náà wọ ibẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó ti gbó mọ́ ọn. Àkàsọ̀ dúró jẹ́ẹ́.

Mo wo ọwọ́ náà. Àpá méjì ló dábùú rẹ̀, ọ̀kan lórí àtẹ́lẹwọ́, ọ̀kan lẹ́yìn ìka, wọ́n sì bá etí irin mi mu gẹ́lẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n.

"Ta ló fi ibẹ̀ hàn ọ́?" Èmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó kàn jáde ni.

Ó ní, "Bí a ṣe gbé e kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni oríkèé ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Orí rẹ̀ ń rọ̀ sísàlẹ̀. Mo rántí pé ẹ ní kò gbọdọ̀ jó lábẹ́ rẹ̀. Mo bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ni irin ń pa dé."

"Títí dé ibẹ̀?"

"Títí dé ibẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ ní kí n má pè yín ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ewúrẹ́?"

Màmá Ràhámọ̀tù ṣì dúró sórí àkàsọ̀, wọn kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. "Ọmọ mi kò mì," wọ́n ní. "Mo tẹ̀lé wọn dé ibi tí wọ́n ní kí obìnrin dúró sí. Mo ń wò ó. Kò mì."

Mo jáde lọ sí ìsọ̀. Ìdábùú náà ti dípẹtà lára ìṣó tí mo fi kọ́. Mo fi sáńpépà fá a, mo fá a títí tó fi ń dán, mo sì fi òrí pa á. Mo pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, Fàtáì kò tíì yọwọ́. Òógùn bò ó lójú nínú ọyẹ́ yẹn.

Mo ní, "Yọwọ́ kúrò, Fàtáì."

Ó yọ ọ́. Mo ti ìdábùú bọ ihò. Ó wọlé gẹ́lẹ́, ó dún kẹ́, bí Ògúnkúnlé ṣe ní yóò rí.

Màmá gùn ún lọ sókè. Orí wọn wọ inú òkùnkùn àjà, èjìká wọn tẹ̀lé e. A gbọ́ nígbà tí wọ́n ṣí àpótí. Lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan kan, títí tí ẹsẹ̀ wọn tí a ń rí fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n ń sunkún níbẹ̀, gbogbo ara wọn ló ń mì, etí aṣọ ìkókó kan sì rọ̀ wálẹ̀ láti ọwọ́ wọn. Mo fojú sí ìsàlẹ̀ àkàsọ̀. Mo fojú sí oríkèé. Kò jó.

Mi ò sọ fún Fàtáì pé mo ti dárí jì í; wọn kò dúró dè mí, ìyẹn ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo di ẹsẹ̀ òsì àkàsọ̀ náà mú, òun sì di ọ̀tún mú, bẹ́ẹ̀ sì ni àwa méjèèjì mọ̀ pé kò sí ohun tí à ń dì í mú fún mọ́.